Bí Mo Ṣe Lọ Mú Bọ́lárìnwá Jáde Nínú Igbó Olóhùn

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n rí ojú yín. Èmi kì í sọ̀rọ̀ fún ẹni tí mi ò rí ojú rẹ̀, nítorí nínú igbó tí mo ti ń jẹun láti kékeré, ohun tí a ò rí ojú rẹ̀ ló máa ń pa ọdẹ. Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi. Ẹfọ̀n mọ orúkọ náà, ẹkùn mọ̀ ọ́n, ìkookò a sì máa yà fún mi lọ́nà bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ló sọ mí di àgbà ọdẹ, ìfura ni. Mo máa ń fura sí omi tó bá mọ́ jù, mo máa ń fura sí ẹyẹ tó bá ṣàdédé dákẹ́. Ìyá mi pàápàá, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ fún mi, màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, rọra. Àwọn ọdẹ tí kì í fura, èmi ni mo bá wọn gbé òkú wọn wálé.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi, Bọ́lárìnwá, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ìyá kan náà ló bí wa. Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò kọ̀, àgbàdo gbẹ lórí ìdúró, iná ọ̀dàn sì jà wọ oko Bọ́lárìnwá, ó jó o kanlẹ̀. Eérú oko náà kò tíì tutù tí ibà fi mú Àríkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Ṣẹ́gilọlá ìyàwó rẹ̀ bí. Ọmọ náà kú. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí àwọn kan wà nínú yín tí wọ́n mọ bí ilé ṣe máa ń rí lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ mí lóminú ni pé Bọ́lárìnwá kò sunkún. Bí àwọn ènìyàn bá wá kí i, á ní, "Kò sí nǹkan kan, ó ti dáa," á sì rẹ́rìn-ín. Mò ń wo ẹ̀rín yẹn bí mo ṣe máa ń wo ewé tó ń mì níbi tí atẹ́gùn kò sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àpò ọdẹ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní òun ń lọ wo pàkúté. Kò padà wá mọ́.

A wá a títí ó fi sú wa. Èmi ni mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yà kúrò lọ́nà oko, tó sì wọ Igbó Olóhùn. Ọdẹ kì í dẹ igbó yẹn. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti wúwo, tó bá gba ẹ̀gbẹ́ igbó náà kọjá, á máa gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ kan tó ń pè é, ẹni tó bá sì tẹ̀lé e, a kì í tún rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: kí n tó fura sí igbó, Ṣẹ́gilọlá ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ní gbogbo àfẹ̀mọ́júmọ́, obìnrin yìí á jí, á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ètè rẹ̀ á máa mì. Èmi sì rò ó pé obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú, tí ọkọ rẹ̀ sọnù, kí ló tún ń sọ tí kò fẹ́ kí a gbọ́? Mo lọ lúgọ sẹ́yìn ìtí igi ìdáná kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó dé. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní:

"Ṣẹ́gilọlá, ó dùn ọ́. Ọmọ ẹ ti lọ, ọkọ ẹ ò sí nílé. Ìwọ ṣì wà. Ọwọ́ ẹ méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́. O máa la òní já. Dìde."

Mo yọ sí i. "Ta lò ń pe ọfọ̀ lé lórí?"

Kò tilẹ̀ ta gìrì. "Ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Bàbá Ọdẹ."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyà ni. Lẹ́yìn tí a sin Àríkẹ́, mo jí lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé ó ti tán fún mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ṣé ẹnu èmi fúnra mi ló máa kọ́kọ́ sìnkú mi? Ni mo bá ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fún un sọ."

"Kí ló dé tí o ò kàn sọ pé ó ti dáa?"

Ó wò mí bí ẹni tó rẹ̀. "Torí kò dáa. Bí mo bá ń parọ́ fún ara mi, ara mi á mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá wá ní òótọ́ láti sọ fún un, kò ní gbà mí gbọ́." Ó wá kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ lọ mú àbúrò yín wá. Bí ẹ̀yin ò bá lọ, èmi á lọ, mi ò sì mọ ọ̀nà."

Ohun tó mú mi lọ nìyẹn. Mo kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń kó ọ̀bẹ àjèjì dání ni mo ṣe kó o. Mi ò mọ̀ bóyá igbó yẹn gan-an ló ti rán ọ̀rọ̀ náà sí i.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti wọ igbó tí ọ̀sán ibẹ̀ dà bí ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ti Igbó Olóhùn yàtọ̀. Oòrùn wọ ibẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ bí ẹni pé wọ́n gbá a, èso sì ń so lórí igi láìsí ẹyẹ kankan tó ń jẹ ẹ́. Mi ò fọwọ́ kan ìkankan. Mo rìn títí mo fi dé etí odò kan tí kò ṣàn. Lórí àpáta tó wà láàárín odò náà ni ohun kan jókòó sí, ara rẹ̀ jọ ti ènìyàn, orí rẹ̀ kò ju orí ewúrẹ́ lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì ń fi wọ́n lé eṣinṣin. Àpò awọ kan wà láàárín itan rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá ṣí ẹnu àpò yẹn díẹ̀, màá gbọ́ ohùn ènìyàn púpọ̀ tó ń kùn nínú rẹ̀ bí oyin. Mo gbé ìbọn sójú.

"Gbé e sílẹ̀," ó ní. "Agbọ́rọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ìbọn kì í pa mí, etí ló kàn máa ń dí mi. Àbúrò ẹ gba ibí kọjá."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé àbúrò mi ni?"

"Irọ́ kan náà lẹ̀ ń pa. Òun ní ó ti dáa. Ìwọ ní ẹ̀rù ò bà ọ́."

Ẹ gbọ́ o, mi ò la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi ni mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ igbó. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ìka sí ibi tó yẹ kí ó wà.

Agbọ́rọ̀ ní òun á bi mí ní ìbéèrè kan, bí mo bá sì mọ ìdáhùn rẹ̀, òun á fi ọ̀nà hàn mí. "Kí ló ń gbé ènìyàn láìlẹ́sẹ̀, tó sì ń sin ènìyàn láìlọ́kọ́?"

"Odò," ni mo ní, torí odò ló wà níwájú mi.

"Rárá. Ohun tí mò ń wí, o gbé e ti ilé wá, o sì ti ń fura sí i láti àárọ̀."

Mo ro gbogbo ẹrù ara mi wò. Mi ò fura sí ìbọn mi, mi ò fura sí ẹ̀tù, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fura sí gààrí tó wà nínú àpò mi, torí èmi ni mo yan án. Ohun kan ṣoṣo ló kù. "Ọ̀rọ̀ ni," mo ní. "Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ fún ara rẹ̀."

Etí rẹ̀ méjèèjì dìde ṣánṣán. "O mọ̀ ọ́n. Ó wá ku àdéhùn." Mo ti ń retí ìyẹn. Ó ní kí n tó kọjá, mo gbọ́dọ̀ kó oríkì mi àti gbogbo ọfọ̀ mi sínú àpò òun, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi ń dẹ́rù ba ẹlòmíràn, torí ẹni tó wà níwájú máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mú ènìyàn bí a ṣe ń fi ìwọ̀ mú ẹja.

"Bí o bá wá kó wọn sá lọ ńkọ́?"

"Kí ni màá fi oríkì ìdílé ẹ ṣe? Mi ò ní ìdílé."

A fà á síhìn-ín, a fà á sọ́hùn-ún. Mo mú kó fi etí rẹ̀ méjèèjì búra. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu àpò, mo sì ń pè wọ́n sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀ọ̀kan sì ń kúrò lẹ́nu mi bí ìgbà tí wọ́n ń yọ eyín ènìyàn. Nígbà tí mo na ẹ̀yìn, ọkùnrin kan lásán ni mo dà, tí orúnkún ń dùn ún, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Èmi fúnra mi kò mọ ọkùnrin náà dáadáa. Agbọ́rọ̀ nawọ́ sí ọ̀nà kan láàárín ọparun, mo sì lọ.

Ọ̀nà náà dára títí ó fi dé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ni mo gbé, ẹrẹ̀ gbé mi mì dé orúnkún, ó sì ń fà mí. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu mi jáde ni, "Mo gbé." Bí mo ṣe sọ ọ́ ni ara mi rọ̀, ẹrẹ̀ dé itan. Mo bá yí i padà. Mo ní, "Kò sí ẹrẹ̀ níbí. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mo dúró sí. Ó ti dáa." Mo di ojú, mo ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, ó sì ń dùn mọ́ mi, àfi bí ẹni pé mò ń sùn lọ. Nígbà tí mo la ojú, ẹrẹ̀ ti dé ìgbáròkó. Níbẹ̀ ni mo wá fura sí ẹnu ara mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo rántí Ṣẹ́gilọlá. Mo ní, "Ọdẹ́rìndé, ẹrẹ̀ ti mú ọ dé ìgbáròkó. Ẹ̀rù ń bà ọ́. Apá ẹ ṣì lágbára. Wo ẹ̀gbẹ́ ẹ." Ẹni tó ń parọ́ pé kò sí ẹrẹ̀ kò ní ìdí láti wo ẹ̀gbẹ́. Mo wò ó, gbòǹgbò igi kan ló nà sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì mi, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Mo dì í mú. Mò ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń fà: "Ó le. Mo ṣì ń fà. Ó le. Mo ṣì ń fà." Nígbà tí mo jáde, bàtà mi kan ti lọ, àwọ̀ àtẹ́lẹwọ́ mi sì ti bó.

Lẹ́yìn ẹrẹ̀ náà ni mo rí ìta gbangba kan tí oòrùn kún inú rẹ̀. Àwọn ènìyàn jókòó síbẹ̀ lọ kítikìti, ọkùnrin, obìnrin, arúgbó, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ń sọ pẹ̀lú ohùn kan pé, "Ó ti dáa. Kò sí nǹkan kan. Ó ti dáa." Ó dùn-ún gbọ́. Mo wo ẹnu wọn, ó gbẹ, ó ti là. Mo wo ẹsẹ̀ wọn, mi ò rí i. Ilẹ̀ ti bo ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ dé kókósẹ̀, koríko sì ti hù lórí itan àwọn mìíràn. Bọ́lárìnwá wà láàárín wọn. Ó ti gbẹ, egungun àyà rẹ̀ ṣeé kà, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan ń rìn láàárín wọn, ó ń fọwọ́ pa wọ́n lórí. Ó ga, ó dúdú, ó rẹwà, ohùn rẹ̀ dà bí oyin inú afárá. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Dáadáa. Mo rí ohun kan lára rẹ̀ tí mi ò fẹ́: bí mo ṣe ń yí láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń yí pẹ̀lú mi. Kò jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn òun.

"Káàbọ̀," ó ní. "Kí lo mú wá?"

"Ara mi."

"Ó ti rẹ ara náà."

"Ó rẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń rìn."

"Ibo ló ń rìn lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ẹni tí mo wá mú."

"Mi ò mú ẹnikẹ́ni wá síbí. Gbogbo wọn ló fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá."

"Ẹsẹ̀ ọ̀hún dà?"

Ẹ̀rín rẹ̀ dúró díẹ̀, ó tún padà. Ó ní òun kì í bá àlejò jà. Ó nawọ́ sí òjìji igi kan tó ń súnmọ́ ibi tó dúró. Ó ní kí n pe àbúrò mi. Bó bá dìde kí òjìji igi náà tó kan ẹsẹ̀ òun, kí n máa mú un lọ. Bí kò bá dìde, kí èmi náà wá jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀nà mìíràn, mo sì gbà.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bọ́lárìnwá. Mo fẹ́ fi oríkì pè é, ẹnu mi ṣófo. Ni mo bá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín á sọ. Mo ní, "Bọ́lárìnwá, dìde. Gbogbo nǹkan ti dáa nílé."

"Ó ti dáa," ni ó dá mi lóhùn, ilẹ̀ sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lójú mi. Mo gbójú sókè, mo rí i pé inú Ìyá Dáadáa ń dùn. Áà, mo ní, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí gan-an lèmi náà ń sọ fún àbúrò mi. Òjìji igi ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo di àbúrò mi léjìká mú. "Gbọ́ mi. Kò dáa nílé. Oko ẹ jóná. Àríkẹ́ kú, ìwọ lo gbé e sínú ilẹ̀. Ìyàwó ẹ ń dá nìkan jí, ó ń dá nìkan sùn. Ó dùn ọ́, Bọ́lárìnwá, ó dùn ọ́ débi pé o ò lè sọ ọ́. O ṣì wà láàyè. Sọ ọ́ fún ara ẹ."

Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pe orúkọ ọmọ yẹn."

"Màá pè é. Àríkẹ́."

Ohùn kan jáde lára rẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ènìyàn. Ó sunkún. Ó sunkún bí ẹni tó ń bì. Omijé ń dà sórí ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ilẹ̀ náà sì ń là. Nínú ẹkún yẹn ló ti ní, "Ọmọ mi kú. Èmi ò tíì kú. Màá gbìyànjú àtidìde." Ó fa ẹsẹ̀ kan yọ. Ó fa èkejì yọ. Òjìji kan ẹsẹ̀ Ìyá Dáadáa, ṣùgbọ́n àbúrò mi ti dìde dúró.

Obìnrin náà kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn yí ẹ̀yìn padà sí wa láti pe àwọn yòókù, mo sì rí i: ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo láti ọrùn dé ìdí bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Gbogbo àwọn tó jókòó na ọwọ́ jáde láti dì wá mú, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo fi Bọ́lárìnwá kọ́ ọrùn, mo sáré. Mo ń pariwo sí wọn bí mo ṣe ń sáré, pé kí wọ́n sọ ohun tó ṣe wọ́n. Obìnrin kan yọ ẹsẹ̀ kan. Mi ò dúró wò ó bóyá ó yọ èkejì, ìyẹn sì ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ìyá Dáadáa ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ohùn rẹ̀ ti wọ inú ọ̀fun tèmi, mo ń gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Sinmi díẹ̀, o ti gbìyànjú." Mo gé ètè mi jẹ. Nígbà tí a dé ibi ẹrẹ̀, a dùbúlẹ̀, a wọ́ kọjá lórí gbòǹgbò. Òun dúró sí etí rẹ̀, kò lè wọ̀ ọ́, torí ẹrẹ̀ á kún ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fún wa ní ẹ̀rín, títí ọparun fi bò ó.

Agbọ́rọ̀ dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi létí odò. Mo kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀. Ẹyọ kan dín, oríkì kan tí bàbá mi fi ń kì mí nígbà tí mo pa ẹfọ̀n àkọ́kọ́. Ó ní òun ò rí i. Mo di etí rẹ̀ kan mú, mo lọ́ ọ, ó sì rí i kíákíá.

Nígbà tí a wọlé, Ṣẹ́gilọlá ń sá ẹ̀gúsí sóòrùn. Ó wò wá. Mo rò pé á sáré wá dì mọ́ ọkọ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Inú ń bí mi sí yín," ó ní fún Bọ́lárìnwá. "Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n dá nìkan ṣọ̀fọ̀ ọmọ àwa méjèèjì."

"Mo mọ̀," ni ó dáhùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gúsí náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin náà jókòó tì í.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kò fẹ́ràn Bọ́lárìnwá tó padà wálé. Wọ́n á kí i pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" kí ó lè dáhùn pé, "A dúpẹ́," kí wọ́n sì kọjá lọ. Òun á dúró, á ní, "Ó ṣì ń dùn mí. Mo jí lónìí, mò ń lọ sóko." Àwọn kan ní igbó ti yí i lórí. Mo fura sí i fún ìgbà pípẹ́, mò ń yọ́ wo kókósẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ti jókòó pẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọdún kejì. Mo lọ sí oko náà ní ọ̀sán, mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ ebè nínú ilẹ̀ tó ti jó. Bọ́lárìnwá dúró, ó fi ọwọ́ nu ojú, mi ò mọ̀ bóyá òógùn ni àbí ẹkún. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ má kàn dúró síbẹ̀ kí ẹ máa wò wá. Ọkọ́ kan wà lábẹ́ igi yẹn."

Mo wo ọkọ́ náà lójú méjèèjì, mo yí i, mo wo ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé e, mo kọ ebè tèmi. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí o, ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí. Ẹni tó bá fura pé mo bù mọ́ ọn, oko ọ̀hún ò jìnnà, kó lọ wo iṣu.